Ajá Tí Mo Sọ ní Kòkànyín

Olúmidé, Àkànní ọmọ mi,

Ọwọ́ àbúrò rẹ Mojọ́lá ni o rí lórí ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti jáde. O mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ó jókòó tì mí nídìí tábìlì, ó mú bírò, ó ní, "Bàbá, ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe wá sí yín lẹ́nu, èmi á tò ó kó gún." Mo ní kó tò ó, ṣùgbọ́n kó má fi oyin sí i. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nípa ìtọ́jú ẹranko ni. Ó gbà gbọ́ pé kò sí ohun tó wọ́ tí ọ̀rọ̀ tó mọ́ kò lè tọ́. Kí Ọlọ́run má gba ìgbàgbọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé iṣẹ́ tuntun ti bọ́ sí i, tí o sì ní ẹ ti rí ilé sínú ẹ́sítéètì kan ní ọ̀nà Addo, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo dìde dúró láti máa bá ọ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ pé, "Bàbá, mo ti rí ajá kan o! Ńlá ni! Irun rẹ̀, etí rẹ̀, Kòkànyín gẹ́lẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa lọ mú un. Mo fẹ́ kí ọmọ mi Morẹ́nikẹ́ náà ní irú ajá tí èmi ní ní kékeré."

Mo ní, "Ó dáa." Mo jókòó padà. Mo ti oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Olúmidé, Kòkànyín kò sọnù. Mo parọ́ fún ọ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo sì ti gbé irọ́ náà kiri títí irun orí mi fi funfun. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òní ni ó bá tèmi. Nítorí náà, ìmọ̀ràn ni lẹ́tà yìí lórí bí a ti ń yan ajá tó bá ilé ẹni mu, ẹ̀bẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Mo ti gbìyànjú láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọn kò gbà.

Ohun kìíní: mọ ohun tí o ń wá gan-an kí o tó wá ajá.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, akọ̀wé kékeré ni mí nílé iṣẹ́ ìjọba, inú fúláàtì oníyàrá méjì yìí náà ni a sì wà, lókè pátápátá, ní Jakande níbí. Ọ̀gá mi ń gbé ní VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n gbé fáìlì wá bá òun nílé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi mí pé, "Ta lẹ wá rí? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀? Ẹ dúró sọ́hùn-ún yẹn ná." Mo dúró nínú oòrùn, tèmi ti táì ọrùn mi. Mọ́tò kan dé, wọ́n ṣí géètì wéré. Ajá ńlá kan yọrí lójú fèrèsé ẹ̀yìn, atẹ́gùn ń fẹ́ irun rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì na ọwọ́ sókè, wọ́n kí mọ́tò náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lójú mi, ajá ni wọ́n kí. Ọmọ mi, ọkùnrin tó kàwé, tó níyàwó, tó bímọ, dúró sí ẹnu géètì, ó ń jowú ajá.

Nígbà tí ọ̀gá náà ń múra àtikó lọ sí òkè òkun, ó béèrè ní ọ́fíìsì pé ta ni yóò gba ajá òun, ńlá bíi ti ẹnu géètì yẹn. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti nawọ́. Ó ní, "Ṣé ààyè wà nílé yín?" Mo ní, "Ààyè wà dáadáa, sà." Irọ́ kìíní nìyẹn. N kò wá ajá rárá. Ọ̀wọ̀ ni mò ń wá, mo sì fẹ́ kí ẹranko lọ gbà á wá fún mi.

Bi ara rẹ léèrè, Àkànní. Bí olè ni o fẹ́ kó máa lé, ajá ìbílẹ̀ kékeré tí etí rẹ̀ yá yóò gbó kí ẹnikẹ́ni tó dé ẹnu ọ̀nà. Bí alábàáṣeré ni o fẹ́ fún Morẹ́nikẹ́, ìwà ni kí o wò, má wo gíga. Bí ó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ kí àwọn ará ẹ́sítéètì wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, ya àwòrán ajá, kí o gbé e kọ́ sára ògiri. Òùngbẹ kì í gbẹ àwòrán.

Ohun kejì wá láti ẹnu Ìyá Sikírà.

O kò lè gbàgbé Ìyá Sikírà, aránṣọ tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa. Ọjọ́ tí mo mú ajá náà dé, ó pàdé wa lórí àtẹ̀gùn. Mò ń fà á lọ sókè, èékánná rẹ̀ ń ha sìmẹ́ǹtì. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Háà! Bàbá Mídé, ajá rèé àbí ẹṣin? Níbo ni yóò máa sùn?"

N kò dá a lóhùn. Nígbà tí mo wọlé mo sọ fún ìyá rẹ pé, "Obìnrin yẹn tún ti ń tojú bọ ọ̀rọ̀ wa." Ìyá rẹ ní, "Ìbéèrè ló bi yín. Kò bú yín."

Ṣùgbọ́n èébú ni mo gbọ́, nítorí pé n kò ní ìdáhùn. O mọ àṣà wa: ọ̀rọ̀ tí a kò bá lè sọ sí aládùúgbò lójú, a ó fi sọ ajá lórúkọ, a ó sì máa pe ajá. Ẹni tó ni ín yóò gbọ́. Kòkànọ́ ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n obìnrin náà jù mí lọ, wọ́n sì kọ́ mi nílé. Mo sọ ọ́ ní Kòkànyín. Mo fi ọ̀wọ̀ sínú èébú, mo sì rò pé mo ti hùwà ọmọlúàbí. Láràárọ̀ ni mo ń dúró sí bálíkónì tí mò ń ké e jáde: "Kòkànyín! Kòkànyín, wá jẹun!" Ẹ̀rọ ìránṣọ ìsàlẹ̀ yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìyá Sikírà fèsì. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Mídé, ajá yín ti gbọ́. Èmi náà ti gbọ́."

Ìbéèrè rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni à bá wò kí a tó mú ajá wọ̀ ọ́. Bálíkónì tí Kòkànyín ń sùn sí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Irun tó wà lára rẹ̀, irun ilẹ̀ olótùútù ni. Oòrùn ọ̀sán ń pa á bí ẹni fi aṣọ òtútù jókòó sídìí ààrò. Mò ń jáde ní ìdájí, mò ń wọlé nígbà tí Ìyá Sikírà bá ti ká ẹní ìrun Màǹgàríbà rẹ̀. Ìyá rẹ wà níbi iṣẹ́, ìwọ wà nílé ìwé. Ajá náà ń gbó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo búlọ́ọ̀kù ní ó burú. Kò burú. Àìrí ẹnìkan bá ṣeré ni ó ń ké.

Ìwọ àti ìyàwó rẹ wá ńkọ́? Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ kí ẹ tó jáde láti ọ̀nà Addo lọ sí Erékùṣù, ẹ̀yin náà mọ ìgbà tí ẹ ń padà. Má ka iye yàrá ilé rẹ. Wákàtí tí ènìyàn ń wà nínú rẹ̀ ni kí o kà. Irú ajá tí o rí yẹn, wọ́n bí i láti máa sáré lẹ́yìn ẹran ọ̀sìn ní pápá ni. Ta ni yóò bá a sáré? Nígbà tí òjò bá dé, tí omi kún àgbàlá yín bí omi ti ń kún ibẹ̀ yẹn, orí kí ni yóò dúró lé?

Ohun kẹta: bi aládùúgbò léèrè kí o tó mú un, má dúró di ìgbà tó bá dà á láàmú.

Ọjọ́ kan ni ajá náà já lọ sí ìsàlẹ̀, ó ki ẹnu bọ búùtà tí Ìyá Sikírà ti pọn omi àlùwàlá sí. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bá a níbi tó ti ń fọ búùtà náà, ó ń kà á, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí dé méje. Kò pariwo. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ máa fọ ọwọ́ rẹ̀ jábọ́ o." Ó wò mí, ó ní, "Ẹni tó ń lọ dúró níwájú Ọlọ́run ni mí, Bàbá Mídé," ó sì lọ pọn omi mìíràn. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ẹ̀rín mi ọjọ́ náà, ojú ara mi a máa tì mí. Nínú ẹ́sítéètì tí ẹ ń lọ, Mùsùlùmí wà, ẹni tí èémí kò já geere wà, arúgbó tó ń bẹ̀rù ajá wà. Kan ilẹ̀kùn wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ lè mú kí o yan ajá mìíràn. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kẹrin ni àpá tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ.

O ní ò ń rántí pé o ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Òótọ́ ni. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé èmi ni mo fi ṣéènì ajá náà lé ọ lọ́wọ́ nítorí pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ búlọ́ọ̀kù rí ọ pẹ̀lú rẹ̀. Ajá náà rí ológbò ní ìsàlẹ̀, ó sì bẹ́. Ó wọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn mẹ́jọ. Kò fi ìkà ṣe é. Ó padà wá, ó ń lá ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó kọ́ ajá. Morẹ́nikẹ́ kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ajá tí kò tíì mọ "dúró" àti "jókòó" kò yẹ kó sún mọ́ ọmọ tí kò tíì lè sọ pé "ó dùn mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà búlọ́ọ̀kù wá bá mi. Wọ́n fi sùúrù sọ ọ́: "Ẹ wá ibi tó dáa fún un. A ò lé yín, a ò lé e." Ìyá Sikírà wà láàárín wọn. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n sọ pé mo ṣàṣìṣe, kí n sì bẹ̀ wọ́n kí a jọ wá ilé tó ní àgbàlá fún un. Ìgbéraga kò jẹ́ kí n bẹ ẹni tí mo ti fi ajá bú.

Wàyí o, mo fẹ́ kí o jókòó kí o tó ka ibi tó kù.

Ọmọ ìlú wa kan tó jẹ́ bíríkìlà ń ṣiṣẹ́ níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn Ajah. Mo kó ẹjọ́ mi rò fún un. Ó ní, "Ẹ mú un wá, Ọ̀gá. A ò ní ṣàì rí nǹkan fi ṣe." N kò bi í pé kí ni nǹkan náà. N kò bi í nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ ń jẹ ajá.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí o tó jí, mo mú un sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ oníyanrìn kan ló gbé wa débẹ̀. Bíríkìlà náà na okùn tí wọ́n fi ń wọn ògiri sí mi. Mo so ó mọ́ ajá náà lọ́rùn, mo sì tú ṣéènì kúrò, nítorí pé ṣéènì náà dára, n kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí mo ti tú ṣéènì ni ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ó rò pé ilé là ń lọ.

Bíríkìlà ní, "Ẹ má wẹ̀yìn, Ọ̀gá." Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi lórí ajá yẹn, ìyẹn nìkan ni mo gbà.

Mo fi ṣéènì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí o jí, mo ní ó ti já, ó ti sá lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, bí o bá ti ilé ìwé dé, ìwọ tí ọwọ́ rẹ wà nínú báńdéèjì, wàá máa lọ láti búlọ́ọ̀kù dé búlọ́ọ̀kù: "Kòkànyín! Kòkànyín o!" Ìyá Sikírà pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, ó da ìborùn bo orí, ó tẹ̀lé ọ. Mò ń gbọ́ ohùn yín méjèèjì láti òkè. Obìnrin tí mo fi orúkọ ajá bú ń fi ẹnu ara rẹ̀ ké èébú náà kiri nítorí ọmọ mi. Ẹnìkan fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Màmá, ẹ pè é ní Bíńgò jàre!" Ó dá a lóhùn pé, "Ṣé Bíńgò ló ń jẹ́ ni? Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni yóò dáhùn." Ní ọjọ́ kẹta mo sọ̀kalẹ̀, èmi náà sì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni, Olúmidé. Mo di ọwọ́ rẹ kejì mú, mo sì ń pe ajá tí mo ti fi ọwọ́ ara mi so mọ́lẹ̀.

Mo padà lọ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Okùn náà wà lórí bíríkì. Wọ́n ti ká a dáadáa.

A máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tèmi gbọ́ gbogbo fèrè. Ọdẹ ni kò gbọ́ ìbéèrè.

(Bùrọ̀dá mi, èmi Mojọ́lá ni mo tọrọ àyè níbí. Bàbá dúró mu omi tí mo bù fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu sọ fún ẹni tí kò lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ ajá lóòótọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ yan ajá ìbílẹ̀ tó ti kúrò ní ọmọ ọwọ́, tí ìwà rẹ̀ ti hàn. Irun rẹ̀ kéré, oòrùn wa kò ṣàjèjì sí i. Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé Morẹ́nikẹ́ dání. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó wọ ilé yín. Ẹ mọ ẹni tí yóò máa fún un lóúnjẹ nígbà tí ẹ bá rìnrìn àjò. Bí kò bá sì sí ẹnìkan nílé, ẹ dúró di ọdún tí yóò wà. Dídúró náà, ìtọ́jú ẹranko ni.)

Ohun tí àbúrò rẹ sọ dára ju tèmi lọ. Ẹyọ méjì ni mo fi kún un. Sọ ajá rẹ ní orúkọ tí o lè ké lójú pópó láìsí ìtìjú. Bí ọjọ́ kan bá sì dé tí o kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, fà á lé ẹni tí o mọ̀ lọ́wọ́, kí o sì padà lọ wò ó. Wẹ̀yìn, ọmọ mi. Máa wẹ̀yìn.

Lánàá, kí n tó pe Mojọ́lá sídìí tábìlì, mo lọ sí Addo, níbi tí Ìyá Sikírà ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, orúnkún yín kì í ṣe ti àná." Mo ní, "Màmá, ajá ọjọ́sí yẹn, kò sọnù."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Mò ń ṣe àlùwàlá Àsùbáà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ mú un kọjá. Ajá àti ṣéènì ló lọ. Ṣéènì ló bọ̀."

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀, nígbà tó ṣì lè bọ́ sí i. Kò bínú. Ó ní, "Bàbá Mídé, ẹ̀yin náà! Ẹ sọ fún mi láàárọ̀, ẹ sọ fún mi nírọ̀lẹ́, pé kò kàn mí."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bá ọmọ wá ohun tí ẹ mọ̀ pé kò sí níbẹ̀?"

Ó ní, "Ajá ni ọmọ ń wá. Èmi, ọmọ ni mò ń tẹ̀lé. Ṣé kí n jẹ́ kó dá nìkan sọdá títì tí mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀ ni?"

Bí mo ti ń bọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún un pé Mídé fẹ́ mú ajá ní Sátidé, ńlá, bíi ti ọjọ́sí. Ó rẹ́rìn-ín sí ìròyìn náà. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè, ní ohùn kan náà tó fi béèrè lórí àtẹ̀gùn nígbà yẹn: "Níbo ni yóò máa sùn?"

Lọ́tẹ̀ yìí mo dá a lóhùn. Mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀. Màá bi í."

Mo ti bi ọ́ o, Àkànní. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti ń retí èsì, fún èmi àti fún òun. Bí o bá bínú sí mi, bínú dáadáa, ṣùgbọ́n má ṣàì fèsì kí Sátidé tó pé.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ojú ń tì, tí ìfẹ́ rẹ kò sì jẹ́ kó dákẹ́.